Ẹjọ́ Parí, Ìwé Ẹjọ́ Dà?

Ní àdúgbò Gawon Nama tí mò ń gbé ní ìlú Sókótó, bí ẹ bá dárúkọ Safiya fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, kò ní bi yín pé Safiya wo. Ó mọ̀ ọ́n. Obìnrin abúlé Tungar Tudu ni, ní ìjọba ìbílẹ̀ Gwadabawa, tí ilé-ẹjọ́ Ṣàríà dájọ́ pé kí wọ́n sọ lókùúta pa ní oṣù Ọ̀wàrà 2001 nítorí ẹ̀sùn àgbèrè. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ẹrẹ́nà 2002, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ṣàríà ti ìpínlẹ̀ Sókótó, nínú ìlú yìí kan náà, da ìdájọ́ ọ̀hún nù, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Títí dé ibẹ̀, ẹnu gbogbo wa kò. Ibi tí ẹnu kò ti kò ni ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta tíì ládùúgbò wa, ni ọ̀rọ̀ náà bá bẹ́ sílẹ̀. Baba kan tó ń rán fìlà ní àwọn òyìnbó ló fipá mú ìjọba. Ìyá kan, ọmọ Ìbàdàn, tó ti ń ta àmàlà níbí kí n tó dé Sókótó, ní kò rí bẹ́ẹ̀, àánú ọmọ ọwọ́ tó gbé pọ̀n wá sí kóòtù ló ṣe àwọn adájọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń wa kẹ̀kẹ́, tó ṣeé ṣe kó máa fà lórí ẹní nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ní owó ló sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, inú mi kò dùn, torí pé ìwé ìdájọ́ náà wà, mo sì ti kà á. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀.

Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní ìgbà tí wọ́n ní obìnrin náà ṣẹ̀, òfin Ṣàríà tuntun ti Sókótó kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Oṣù Ṣẹẹrẹ 2001 ló tó bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í fi òfin òní mú ẹni tó ṣẹ̀ lánàá. Wọ́n ní ilé-ẹjọ́ Gwadabawa kò ṣàlàyé ẹ̀sùn náà yé e bó ṣe yẹ. Wọ́n ní bó tilẹ̀ ti jẹ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá jẹ́wọ́ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ nígbà tó bá fẹ́. Wọ́n tún gbé ọ̀rọ̀ kan jáde látinú ìwé àwọn onímọ̀ Màlíkì, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kwantacce, oyún tó sùn: obìnrin tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti kọ ara wọn lè máa gbé oyún ọkọ náà fún ọdún mélòó kan, nítorí náà oyún nìkan kò tó láti fi dá obìnrin lẹ́bi àgbèrè. Agbẹjọ́rò rẹ̀, Abdulkadir Imam Ibrahim, kò sá fún òfin tí wọ́n fi mú un. Inú apó òfin náà gan-an ló ti fa ọfà yọ.

Ẹni tó bá ka ìwé yìí yóò rí nǹkan mìíràn tí àwa tá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì kò mẹ́nu bà rárá: ọkùnrin tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pẹ̀lú rẹ̀ sẹ́ ní tirẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí tó rí wọn, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ láti ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́. Oyún kò hàn lára ọkùnrin. Bí wọ́n ṣe mú obìnrin nítorí ohun tó hàn, tí wọ́n sì fi ọkùnrin sílẹ̀ nítorí ohun tí kò hàn, ó wà níbẹ̀ ní dúdú lára funfun.

Èdè Hausa ni ìgbẹ́jọ́ náà. A rí i kà lónìí nítorí pé wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, Philip Ostien, tó ti jẹ́ olùkọ́ òfin ní Yunifásítì Jos, sì kó o pọ̀ mọ́ ti Amina Lawal sínú apá kan nínú ọ̀wọ́ ìwé tó ṣe lórí Ṣàríà ní Àríwá láti 1999 sí 2006. Ti Amina náà kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Kurami ní ìpínlẹ̀ Katsina ni. Oṣù tí wọ́n dá Safiya sílẹ̀ gan-an ni wọ́n dá Amina lẹ́bi ní Bakori. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Katsina dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 2003, adájọ́ mẹ́rin ló fọwọ́ sí i, ẹnì kan kọ̀. Ara ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni pé adájọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ ẹjọ́ náà ní Bakori, nígbà tó yẹ kí wọ́n jẹ́ mẹ́ta. Inú ìwé ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ti rí i. Ká ní ìwé náà sọnù ni, ta ni ì bá ka iye adájọ́ tó jókòó lọ́jọ́ náà?

Látìgbà náà ni mo ti ń wá ìwé àwọn ẹjọ́ ńlá kiri, pàápàá èyí tó kan ìran wa. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé síwájú yín. Ọkàn èèyàn a máa pa ìdájọ́ mọ́: wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n dá a sílẹ̀, ọdún báyìí ló lò lẹ́wọ̀n. Ìdí ìdájọ́ ló máa ń jò dànù. Tí ìdí bá sì ti jò dànù, kálukú á fi tirẹ̀ dí ojú ihò náà, bí àwọn ará bẹ́ǹṣì wa ṣe ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Nígbà tí àwọn ará Áténì dájọ́ ikú fún Socrates ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Kristi, kò sí àkọsílẹ̀ kóòtù kankan tó kù fún wa. Ẹnu àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ méjì, Plato àti Xenophon, la ti gbọ́ ohun tó sọ, àwọn méjèèjì kò sì sọ ọ́ bákan náà. Ti Joan of Arc ní ilẹ̀ Faransé yàtọ̀. Ní 1431, àwọn tó fẹ́ pa á kọ ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ọdún 25 lẹ́yìn tí wọ́n ti sun ún, ilé-ẹjọ́ mìíràn tú ìwé náà wò, wọ́n gbọ́ ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n sì fagi lé ìdájọ́ ọ̀hún. Ọwọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló kọ ohun tó dá a láre.

Èyí ló gbé mi dé Bahia.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ṣẹẹrẹ 1835, nínú oṣù Ramadan, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti ra ara wọn padà dìde ogun ní ìlú Salvador ní ilẹ̀ Bràsíl. Wọ́n tó ẹgbẹ̀ta. Nagô ló pọ̀ jù nínú wọn, ìyẹn àwa Yorùbá, àwọn Hausa náà sì wà níbẹ̀. Malê ni wọ́n ń pe àwọn Mùsùlùmí wọn, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ìmàle ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ń gbé Sókótó kò lè ka ìtàn yìí kó má ronú sí ibi tó wà. Láti ìhín ni jíhàdì Usman dan Fodio ti gbéra ní 1804, ó ràn dé Ìlọrin, ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kan. Àwọn tí ogun náà kó, Hausa àti Yorùbá, onígbàgbọ́ àti aláìgbàgbọ́, ni wọ́n tún pàdé ara wọn lókè òkun nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kan náà.

Wákàtí díẹ̀ ni ogun náà fi jà. Nǹkan bí àádọ́rin ló kú nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń mú wọn níkọ̀ọ̀kan, akọ̀wé ń kọ. Wọ́n kó tírà tí wọ́n so mọ́ra, àti ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ, wọ́n fi wọ́n ṣe ẹ̀rí. Títí dòní, ìwé wọ̀nyẹn wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bahia. Inú rẹ̀ ni òpìtàn João José Reis ti kọ ìwé ńlá tó gbé jáde ní 1986 nípa ìdìtẹ̀ náà.

Nínú gbogbo wọn, Pacífico Licutan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Arúgbó ni, iṣẹ́ tábà ló ń ṣe, àáfà sì ni. Nígbà tí ogun bẹ́, ó wà lẹ́wọ̀n, kì í ṣe pé ó ṣẹ̀. Olówó rẹ̀ ló jẹ gbèsè, wọ́n sì gbẹ́sẹ̀ lé e bí ẹni gbẹ́sẹ̀ lé àga tàbí ẹṣin, kí wọ́n lè tà á láti fi san gbèsè. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti dá owó jọ láti rà á padà, olówó rẹ̀ kọ̀. Lára ìdí tí wọ́n fi jà lóru ọjọ́ náà ni láti lọ tú u sílẹ̀. Akọ̀wé kóòtù kọ ìrísí rẹ̀ sílẹ̀: ó ga, ó tínrín, irùngbọ̀n rẹ̀ kò pọ̀, ó ní ilà tó dúró lóòró lójú rẹ̀ àti èyí tó dùbúlẹ̀. Akọ̀wé náà kò mọ ohun tó ń kọ. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á mọ̀ pé ilé ẹnì kan ni wọ́n kọ sójú baba yìí.

Nígbà tí adájọ́ bi í lórúkọ, ó ní Bilal ni òun ń jẹ́. Inú bí adájọ́, ó ní òun mọ̀ dájú pé Licutan ni orúkọ rẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀. Ó fèsì pé òótọ́ ni pé wọ́n ń pe òun ní Licutan, àmọ́ òun lè jẹ́ orúkọ tó bá wu òun. Ẹrú tí wọ́n fẹ́ tà fún gbèsè ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ẹni tó lè pa á. Wọ́n dájọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ pàṣán fún un. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n yìnbọn pa ní ọjọ́ 14 oṣù Èbìbí ọdún náà. Wọ́n na ọ̀pọ̀lọpọ̀ nígboro, wọ́n sì lé ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dòmìnira padà sí etíkun Áfíríkà. Olówó rẹ̀ kò fi ìwé kankan sílẹ̀ tá a lè fi mọ irú èèyàn tí Licutan jẹ́. Kóòtù tó nà án ló fi í sílẹ̀ fún wa.

Ní Kúbà, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn wa ní Lukumí, ohun tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ ní 1812. Wọ́n mú José Antonio Aponte, káfíńtà aláwọ̀ dúdú tó ti dòmìnira, fún ìdìtẹ̀. Wọ́n rí ìwé àwòrán kan tó ṣe fúnra rẹ̀ nílé rẹ̀, wọ́n sì ní kó ṣàlàyé rẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so ó kọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù Igbe. Ìwé àwòrán náà ti sọnù, ẹnikẹ́ni kò rí i mọ́. Àlàyé tó ṣe lábẹ́ ìbúra nìkan ló kù. Iṣẹ́ ọwọ́ káfíńtà kan kò sí mọ́ níbikíbi àfi nínú ẹ̀rí tí wọ́n fi pa á.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Ní Èkó, ìjòyè àti ọba ló fi ìwé ẹjọ́ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà. Ní 1921, ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dájọ́ fún Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, pé ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà jẹ́ ilẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó gidi lórí rẹ̀. Herbert Macaulay ló bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Lẹ́yìn náà ni ti Èṣùgbàyí Elékòó, ọba Èkó. Ìjọba yọ ọ́ lóyè, wọ́n sì lé e lọ sí Ọ̀yọ́ ní 1925. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ béèrè pé kí ẹni tó lé e wá ṣàlàyé òfin tó fi lé e. Ilé-ẹjọ́ nílé ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kò kan àwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931, Lord Atkin kọ ìdájọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń kà títí dòní: òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò lágbára láti fọwọ́ kan òmìnira ẹnikẹ́ni àfi tó bá lè fi òfin tó gbé e ró hàn níwájú kóòtù, adájọ́ kò sì gbọdọ̀ fòyà láti bi í. Elékòó padà wá sí Èkó lọ́dún náà.

Ohun tó wú mi lórí jù wáyé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ní 1941, lójú ogun Hitler, àwọn adájọ́ àgbà ní Ìlú Ọba gbà pé mínísítà lè ti ẹnikẹ́ni mọ́lé láìṣàlàyé, nínú ẹjọ́ Liversidge. Atkin nìkan ló kọ̀ láàárín wọn, ó sì tọ́ka sí ẹjọ́ Èṣùgbàyí Elékòó. Orúkọ ọba Èkó ló fi gbè òmìnira àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn. Ìwé tó wà ní ìpamọ́ nìkan ló lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Àríwá náà ní tirẹ̀, wọn kò sì kéré sí ti Èkó. Ní Kano, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Emir Abbas ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ ní 1913 àti 1914: ogún, ilẹ̀, gbèsè, ẹrú tó fẹ́ ra ara rẹ̀. Allan Christelow túmọ̀ díẹ̀ nínú wọn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí, ní Gwandu, ni ẹjọ́ Tsofo Gubba ti wá. Ilé-ẹjọ́ ọba Gwandu dájọ́ ikú fún un lábẹ́ òfin Màlíkì nítorí ìpànìyàn. Ní 1947, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní òfin ìwà ọ̀daràn ti ìjọba ló yẹ kí wọ́n fi gbọ́ ẹjọ́ náà, torí pé òfin yẹn a máa wò ó bóyá wọ́n mú apànìyàn bínú kó tó ṣe é, ti Màlíkì kì í sì í wo ìyẹn. Ìdájọ́ náà dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn ọba, àwọn alkali àti ìjọba fún ọdún mẹ́wàá gbáko. Àtúbọ̀tán rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1958, tí Abu Rannat, adájọ́ àgbà ilẹ̀ Sudan, ṣe alága rẹ̀, àti òfin Penal Code tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní ọjọ́ 30 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1960, ọjọ́ kan ṣáájú òmìnira. Ẹni tó bá rò pé 1999 ni ọ̀rọ̀ Ṣàríà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà kò tíì ka ẹjọ́ Gubba.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ti Awólọ́wọ̀, torí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé a mọ̀. Oṣù Belu 1962 ni ìgbẹ́jọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ẹ̀sùn náà ni pé òun àti àwọn mìíràn gbìmọ̀ láti fipá gbàjọba. Ó fẹ́ kí E.F.N. Gratiaen wá láti Ìlú Ọba wá ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀, ìjọba kò jẹ́ kó wọlé. Ó pe mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lẹ́jọ́, kóòtù ní ẹ̀tọ́ láti yan agbẹjọ́rò tó wuni kò kọjá agbẹjọ́rò tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1963, Adájọ́ Sodeinde Sowemimo rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Anthony Enahoro, tó ti sá lọ sí Ìlú Ọba tí wọ́n sì dá a padà lẹ́yìn tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ibẹ̀ ti fa ọ̀rọ̀ rẹ̀ ya, gba ọdún 15.

Bi ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá léèrè ohun tí Sowemimo sọ, yóò ní ó sọ pé wọ́n ti de òun lọ́wọ́. Gbólóhùn yẹn nìkan ló kù lẹ́nu wa. Ó ti di òwe. Ìgbẹ́jọ́ tó gba oṣù mẹ́wàá, ẹlẹ́rìí lórí ẹlẹ́rìí, àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n yí padà wá jẹ́rìí fún ìjọba, ìbéèrè tí Awólọ́wọ̀ fẹnu ara rẹ̀ bi wọ́n, ọ̀rọ̀ tó sọ kí wọ́n tó dájọ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wó wọ inú gbólóhùn kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyókù, ìwé Lateef Jakande ni kó lọ wá, èyí tó jáde ní 1966. Jakande gan-an wà lára àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi, ọdún méje ni wọ́n fún un. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé náà púpọ̀, àmọ́ ẹ kíyè sí i: ìgbẹ́jọ́ tó tóbi jù nínú ìtàn Yorùbá òde òní, ẹlẹ́wọ̀n ló tọ́jú rẹ̀ fún wa, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ọ́. Ìyá àgbà tó ń sunkún lójú títì lọ́jọ́ ìdájọ́ kò ní lè kà á.

Oṣù kan péré lẹ́yìn tí wọ́n dá Awólọ́wọ̀ lẹ́jọ́ ni ìgbẹ́jọ́ Rivonia bẹ̀rẹ̀ ní South Africa, èyí tó rán Nelson Mandela lọ sẹ́wọ̀n gbére ní oṣù Okudù 1964. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà yẹn burú, àmọ́ ó gba ohùn gbogbo ìgbẹ́jọ́ náà sílẹ̀ sórí 591 bẹ́líìtì agbóhùnsílẹ̀. Lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, iléeṣẹ́ INA ti Faransé bá wọn gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Lónìí, ọmọdé Soweto lè gbọ́ ohùn Mandela bó ṣe ń sọ ohun tó múra tán láti kú fún. Èmi fẹ́ gbọ́ ohùn Awólọ́wọ̀ bó ṣe ń bi ẹlẹ́rìí léèrè. Ó ń dùn mí gan-an.

Ti ẹjọ́ ìbò ààrẹ 1979 kò nílò àlàyé púpọ̀ fún ará Sókótó, torí ọmọ wọn ló jàre. Shehu Shagari ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò tó yẹ ní ìpínlẹ̀ 12 nínú 19. Ní Kano, 19.94 nínú ọgọ́rùn-ún ló rí. Ṣé ìdá méjì nínú mẹ́ta ìpínlẹ̀ 19 jẹ́ 13 ni, tàbí 12 pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta Kano? Ní ọjọ́ 26 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lábẹ́ Atanda Fatai-Williams fọwọ́ sí ìjáwé olúborí Shagari. Kayode Eso kò gba ìṣirò náà, ó sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀. Èrò rẹ̀ kò yí nǹkan padà lọ́jọ́ náà. Ó ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ pé adájọ́ kan wà tó ka ìwé náà bí ọ̀pọ̀ aráàlú ṣe kà á lè ṣí i wò.

Títí dé ibí, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìwé ẹjọ́ jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tí ojú mi rí ló kọ́ mi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sí kóòtù kan ní ìhà Gúúsù nítorí ilẹ̀ ìdílé. Adájọ́ ń fọwọ́ kọ ọ̀rọ̀, bí ọ̀pọ̀ adájọ́ wa ṣe ń ṣe títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá mi búra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n: pé bàbá òun àgbà gbin pèrègún mẹ́ta sí ààlà náà lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀, pé méjì ti kú, ìkẹta wà níbẹ̀, wọ́n ti fi àdá ṣá a lára, ó sì tún hù. Ó sọ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ògbufọ̀ yí i sí Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn kan: pé ẹlẹ́rìí sọ pé ààlà wà. Bíbélì tó wà lọ́wọ́ bàbá mi kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí adájọ́ ti kọ gbólóhùn náà tán, tó ní kó máa bọ́ sílẹ̀. A pàdánù. A pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin mọ̀ pé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kì í lọ wo oko. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń wò. Pèrègún kò sí nínú ìwé. Nígbà tá a tún fẹ́ gba ẹ̀dà fáìlì náà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n ní ikán ti jẹ ẹ́. Bàbá mi ti lọ báyìí. Pèrègún náà ṣì ń hù.

Nítorí náà, nígbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ Licutan pé òun lè jẹ́ orúkọ tó bá wu òun, mo mọ̀ pé Nagô ló fi sọ ọ́ tàbí Potogí tó dá sí wẹ́wẹ́, akọ̀wé ló sì fi Potogí gidi kọ ọ́. Nígbà tí mo bá ka ti Safiya, mo mọ̀ pé Hausa Gwadabawa ló jáde lẹ́nu rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì Jos ló sì dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ wa pọ̀ ju ohun tó dé lọ. Síbẹ̀, díẹ̀ tó dé yẹn ni gbogbo ohun tá a ní.

A sì ń pàdánù díẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 21 oṣù Ọ̀wàrà 2020, nígbà rògbòdìyàn End SARS, wọ́n dáná sun ilé-ẹjọ́ gíga Igbosere ní Èkó, fáìlì àti ìwé ẹjọ́ tó wà níbẹ̀ sì jóná pẹ̀lú ilé. Iná ọjọ́ kan nìyẹn. Ikán, òjò àti àìbìkítà ń jẹ tiwọn lójoojúmọ́ láìsí ẹni tó ń kígbe. Lódì sí èyí, àwọn kan ń ṣe dáadáa. Ìwé ìjọba amúnisìn nípa agbègbè Sókótó wà ní ilé àkójọ ìwé orílẹ̀-èdè ní Kaduna, ti ìwọ̀ oòrùn wà ní Ìbàdàn. Níbí, ní Sókótó, iléeṣẹ́ ìtàn àti àṣà tí wọ́n fi sọrí Waziri Junaidu ń tọ́jú àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá.

Lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn àríyànjiyàn orí bẹ́ǹṣì, mo mú ìdájọ́ Safiya lọ bá wọn. Mo ka ìdí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wọn, mo fi Yorùbá sọ ọ́ fún Ìyá Ìbàdàn, mo fi Hausa sọ ọ́ fún baba aránfìlà. Baba dákẹ́ nígbà tí mo dé orí oyún tó sùn. Ó ní òun mọ ọ̀rọ̀ yẹn, ìyá òun máa ń sọ ọ́, òun kò mọ̀ pé adájọ́ lè mú un wá sí kóòtù. Ìyá bi mí pé, ọkùnrin yẹn ńkọ́? Mo ka ibẹ̀ fún un. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi dìde.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín rèé. Ẹ̀yin olùkọ́ òfin àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin ọmọ Yorùbá, ẹ túmọ̀ ìdájọ́ Elékòó sí Yorùbá, ó kúrú, ẹ lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tí Awólọ́wọ̀ sọ kí wọ́n tó rán an lọ sẹ́wọ̀n. Ẹ̀yin akọ̀wé kóòtù, ẹ gbé fáìlì kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ìwé ẹjọ́ ilẹ̀, ogún tàbí ìgbéyàwó bá wà nínú àpótí ìyá tàbí bàbá yín, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí: ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò, ọ̀kan sórí fóònù. Bí àgbàlagbà tó jẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà bá ṣì wà láyé, ẹ bi í léèrè ohun tó sọ tí wọn kò kọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé náà ní èdè tó fi sọ ọ́.